Ìgò Ìdí Ààrò Mùíbátù

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n tò sórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìlobù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, nínú oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1973: àwo ìrẹsì tó ti gbẹ, abọ́ tánganran tí nǹkan funfun wà nínú rẹ̀, àti ìgò òróró kan tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo dí lẹ́nu. Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá kò fẹ́ yọ ọwọ́ nínú àpò. Ìsìpẹ́kítọ̀ Awóbọ̀dé, ọ̀gá àgọ́, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, nàka sí abọ́ tánganran náà bí ọdẹ tó ń fi ẹran tó pa han àlejò.

"Májèlé rèé," ó wí. "Wò ó dáadáa. Ó ti léfòó, omi ti dá sísàlẹ̀. Obìnrin náà kò tilẹ̀ ráyè dà á nù."

Sájẹ́ǹtì Ọlátúnbọ̀sún ló ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá láti Òṣogbo. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, kì í yára sọ̀rọ̀. Kí ó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ọdún mẹ́sàn-án ló fi dáná fún àwọn òyìnbó nílé ìgbàlejò kan ní Àgbádárìgì. Gbogbo àgọ́ ló mọ̀. Kúùkù ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nígbà mìíràn wọ́n a pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Kì í bínú sí i. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ tipẹ́ pé àwọn tó ń pe òun bẹ́ẹ̀ kò ní làákàyè tó ìkòkò tí òun ń fọ̀ nígbà náà.

Ó tẹ ìka bọ abọ́ náà, ó sì lá a. Awóbọ̀dé fẹ̀yìn rìn lẹ́sẹ̀ méjì.

"Oje àgbọn ni, ọ̀gá," Ọlátúnbọ̀sún wí. "Bí wọ́n bá rin àgbọn, tí wọ́n pò ó mọ́ omi gbígbóná, tí wọ́n fún un, ohun tó ń jáde nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, èyí tó ki á léfòó, omi á wà nísàlẹ̀. Ó ti kan. Ṣùgbọ́n kò lè pa eku."

Awóbọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè bá a rẹ́rìn-ín. "Mo ní kí wọ́n fi ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ránṣẹ́ sí mi," ó wí, "wọ́n fi alásè ránṣẹ́."

Ọlátúnbọ̀sún ti gbé ìgò òróró náà. Ó dẹ ọrùn ìgò sílẹ̀, òróró inú rẹ̀ sáré wá sẹ́nu; ó gbé e dúró, òróró náà sáré padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ṣùkù, ó gbóòórùn. Òórùn àgbọn kù díẹ̀ lẹ́nu ìgò, bí òórùn ẹni tó ti jáde kúrò nínú yàrá, ṣùgbọ́n òórùn mìíràn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe ti oúnjẹ. Ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbé ìgò náà sún mọ́ iná. Wọ́n ní rárá, láti àárọ̀ Sátidé tí wọ́n ti kó o láti ìdí ààrò ló ti wà lórí tábìlì yẹn. Ó fi ṣùkù dí i padà, ó sì ní kí wọ́n kó ìgò náà sínú àpótí, kí wọ́n tì í.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Alhaji Yésúfù, àgbẹ̀ oníṣu tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì, ó délé, ó jẹ ìrẹsì àti ẹja díndín tí Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ kékeré sè. Kí àkókò ìrun Àsárì tó pé, inú ti ń run ún. Ó bì, ó ṣu, kò dáwọ́ dúró. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Wọ́n sin ín láàárọ̀ Sátidé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, kò sí dókítà tó yẹ òkú wò. Ọmọ Ìfọ́n sì ni Mùíbátù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n kì í ṣe tòní, nítorí náà kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bo ibojì tán, ìlú ti dájọ́: àwọn ará Ìfọ́n ló rán an. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù ti jókòó síwájú àgọ́ pẹ̀lú kùmọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n náà ti ránṣẹ́ pé bí irun kan bá já lórí ọmọ àwọn, àwọn ń bọ̀.

Ohun kan wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, Yésúfù ì bá lọ jẹ́rìí ní kóòtù Òṣogbo lórí ẹjọ́ ààlà. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé oko òun lọ́nà Ìfọ́n, àwọn ará Ìfọ́n ló fi ta bàbá òun lọ́rẹ.

"Ẹlẹ́rìí Ìfọ́n ni ọkùnrin náà," Ọlátúnbọ̀sún wí. "Ta ni í pa ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, ọ̀gá?"

Awóbọ̀dé ní ọ̀rọ̀ obìnrin kì í ní ìdí. Ọlátúnbọ̀sún ní kí wọ́n ṣí àtìmọ́lé fún òun.

Obìnrin bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni Mùíbátù. Ó jókòó lórí sìmẹ́ńtì, ó ń fi etí ìró nu imú. Ó kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kí i. Nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún ní kí ó sọ ohun tó sè lọ́jọ́ Jímọ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹrin," ó wí. "Wọn kò gbọ́. Ohun tí ẹ̀yin ará ibí mọ̀ nípa àgbọn kò ju kí ẹ fi mu gàrí lọ."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò ní Àgbádárìgì," Ọlátúnbọ̀sún wí. "Sọ ọ́ fún èmi."

Obìnrin náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Òun náà ti gbé Àgbádárìgì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kí ó tó relé ọkọ. Epo pupa ti ń ta ọkọ rẹ̀ láyà láti nǹkan bí ọdún kan, ìdí nìyẹn tó fi ń fi àgbọn dáná fún un. Ó fọ́ àgbọn méjì. Omi inú rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sínú kọ́ọ̀bù, baálé ilé mu ún lójú ẹsẹ̀. Ó rin ẹran àgbọn náà, ó fún un. Oje àkọ́kọ́ tó ki, ó yà á sọ́tọ̀. Ó tún bomi sí háhá rẹ̀, ó fún un lẹ́ẹ̀kejì, oje ṣíṣàn yìí ló fi se ìrẹsì. Nígbà tí ìrẹsì fẹ́ jinná ló tó da oje kíki lé e, kí ó má bàa jó tàbí kí oje àti omi rẹ̀ yapa. Èyí tó kù ló wà nínú abọ́. Háhá, ó dà á fún adìẹ. Gbogbo ilé ló jẹ ìrẹsì, inú ẹnikẹ́ni kò run ún. Adìẹ kankan kò sì kú.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ti baálé ilé nìkan ni. Òróró àgbọn ni mo fi dín in, láti inú ìgò ìdí ààrò."

"Aago mélòó lo dà á sínú agbada?"

"Oòrùn ti kan àtàrí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò tíì fọwọ́ kàn án títí di ìgbà yẹn."

"Ṣé ó ta sánsán bó ṣe máa ń ta?"

Mùíbátù tún nu imú. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Imú mi ti dí láti ọjọ́ márùn-ún. Ọyẹ́ yìí ni."

Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló fi òróró náà ránṣẹ́ láti Àgbádárìgì, gálọ́ọ̀nù kan; òun bu ìgò kan níbẹ̀, ìyókù wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìfọ́n. Ọlátúnbọ̀sún kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó yá kẹ̀kẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá, ó sì gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ kí oòrùn tó mú.

Àbẹ̀ẹ́kẹ́, ìyá Mùíbátù, wà lójúde, ó da aṣọ méjì bora. Nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún dọ̀bálẹ̀, ìyá náà wò ó títí tí àyà ọkùnrin náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù mọ́ ilẹ̀ kí ó tó ní kí ó dìde. Ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá Ìlobù ní ìkíni. Ọlátúnbọ̀sún ní Òṣogbo ni òun ti wá, àti pé òróró àgbọn tí ó wà lọ́wọ́ ìyá ni òun wá wò. Ìyá náà pòṣé, ó ní wọ́n gbé ọmọ òun, wọ́n tún wá gbé òróró. Síbẹ̀ ó wọlé, ó gbé gálọ́ọ̀nù náà jáde.

Ọlátúnbọ̀sún dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀kán kan kò jábọ́. Inú gálọ́ọ̀nù náà funfun bí ẹfun, ó dì gbagidi.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí, ìyá?"

"Láràárọ̀, láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀," Àbẹ̀ẹ́kẹ́ dáhùn. "Tí oòrùn bá mú, á yọ́, á mọ́ gaara bí omi. Tó bá di àárọ̀, á tún dì. Ṣé ẹ̀yin kò rí irú rẹ̀ rí ni?"

Ó ní òun ti rí i. Ó tọrọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyá náà sì fi ṣíbí fá a sínú ìgò kan fún un. Bí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ padà, ó ń ro ó. Òróró tó jáde nínú gálọ́ọ̀nù kan náà, ọyẹ́ kan náà ló fẹ́ sí wọn láàárọ̀ kan náà. Ti Ìfọ́n dì, ti Ìlobù ń ṣàn bí omi odò. Ohun tó wà nínú ìgò ìdí ààrò kì í ṣe òróró àgbọn, tàbí kó jẹ́ pé àgbọn inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹnì kan ti da ti Mùíbátù nù, ó sì rọ òmíràn dípò. Mùíbátù kọ́. Ẹni tó mọ bí òróró yìí ṣe ń rí láàárọ̀ kò ní fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nídìí ààrò kí ó máa jẹ́rìí mọ́ òun. Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé òróró àgbọn ń dì. Lójú rẹ̀, gbogbo ohun tó bá mọ́ gaara nínú ìgò, òróró ẹ̀pà ni.

Àìmọ̀kan nìkan kò tó láti mú ènìyàn, nítorí tí a bá fi ti àìmọ̀kan ni, gbogbo Ìlobù ló yẹ kí ó kó sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Ìsìpẹ́kítọ̀ ni ì bá kọ́kọ́ wọlé.

Nílé olóògbé, Rísíkátù ìyáálé ló kọ́kọ́ bá. Obìnrin ńlá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò jẹ́ kí ó bèèrè ọ̀rọ̀ tán. Ó ní omi àgbọn ni ọmọ náà fi pa ọkọ àwọn. Ta ni kò mọ̀ pé omi àgbọn ń ba oògùn ara jẹ́? Ó kọ́kọ́ fún un ní omi náà kí ohun tí àwọn àgbà fi sí i lára lè kú, lẹ́yìn náà ni májèlé rọ́nà wọlé. Ọlátúnbọ̀sún fi sùúrù gbọ́ ọ. Ó ti mu omi àgbọn tó kún àgbá ní ayé rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì bà jẹ́ lára rẹ̀ ni sùúrù yìí.

"Ìyá, ṣé ẹ máa ń fi òróró rẹ̀ dáná?"

"Èmi?" Rísíkátù wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ọbẹ̀ kíkan lọ̀. "Kí n máa jẹ epo àwọn ará etíkun? Láti ọjọ́ tó ti gbé e wọlé, mi ò fọwọ́ kàn án."

Jàlálù, àkọ́bí olóògbé, ọmọ Rísíkátù, ń gbé yàrá ìta níwájú ilé. Télọ̀ ni, ẹni bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò sí aṣọ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò dìde nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún wọlé. Ó bi í bóyá òun ni ọlọ́pàá tó máa ń dín ẹyin fún òyìnbó.

"Èmi ni," Ọlátúnbọ̀sún wí. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fi àga lọ̀ ọ́. Ó ní òun kàn wá dágbére ni. Obìnrin náà yóò máa lọ ilé rẹ̀ lọ́la. Gbogbo ilé jẹ ìrẹsì, oje àgbọn kò ní nǹkan kan nínú, ẹnikẹ́ni kò sì rí i kí ó fi nǹkan sí oúnjẹ. Ó ní Ìsìpẹ́kítọ̀ fẹ́ràn kí ó máa fi ẹnu lásán mú ènìyàn, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í gba ẹnu lásán.

Jàlálù fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Mo rí i," ó wí.

"Kí lo rí?"

"Lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ń bọ̀ láti ìrun Àsúbàá, ó wà nídìí ààrò. Ó da ẹbu láti inú bébà sínú ìgò òróró yẹn, ó sì ń mì í. Mo rí òróró náà tó ń ru lọ, ru bọ̀ nínú ìgò. Mo rò pé iyọ̀ ni."

"Ọyẹ́ ń mú láàárọ̀ náà?"

"Ó mú ju tòní lọ. Kùbùsù ni mo dà bora."

"Ìgò kan náà tó wà ní àgọ́?"

"Ìgò kan náà."

Ọlátúnbọ̀sún kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kà á fún un, ó sì ní kí ó buwọ́ lù ú. Jàlálù buwọ́ lù ú pẹ̀lú fàájì bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé oyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó yọ dáadáa, wọ́n pe Jàlálù sí àgọ́. Ìgò méjì ló bá lórí tábìlì, tí wọ́n fi aṣọ bò. Awóbọ̀dé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ gbera. Ọlátúnbọ̀sún ní kí Jàlálù tún ọ̀rọ̀ àná sọ. Ó sọ ọ́, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Nígbà tó parí, Ọlátúnbọ̀sún ṣí aṣọ kúrò lórí ìgò kan, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Òróró àgbọn rèé, láti ọwọ́ ìyá Mùíbátù. Mì í bí o ṣe rí i kí ó mì í."

Jàlálù mì í. Ó tún mì í. Funfun inú ìgò náà kò mira. Awóbọ̀dé na ọrùn, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà mì í.

"Lọ́yẹ́, bó ṣe ń rí láràárọ̀ nìyẹn," Ọlátúnbọ̀sún wí. "Epo pupa ilé yín náà ń ki, ṣùgbọ́n ìwọ kò bu epo nínú kèrègbè rí, obìnrin ló ń bu ún fún ọ. Lẹ́yìn Àsúbàá ọjọ́ Jímọ̀, tí kùbùsù wà lọ́rùn rẹ, kò sí òróró àgbọn tó lè ru lọ ru bọ̀ nínú ìgò kankan ní Ìlobù. Irọ́ lo pa." Ó ṣí ìgò kejì, ó dẹ ẹ́, òróró inú rẹ̀ ṣàn wá sẹ́nu. "Èyí ni ti ìdí ààrò. Òtútù kan náà. Ta ló pààrọ̀ rẹ̀?"

Jàlálù ní òun kò mọ̀; bóyá obìnrin náà ló pààrọ̀ rẹ̀. Ọlátúnbọ̀sún ní ẹni tó bá gba òróró kúrò nínú ìgò ní láti dà á síbì kan, nítorí náà òun ti rán ọlọ́pàá méjì lọ sí yàrá rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tí wọ́n fi wọlé. Wọ́n gbé agolo mílíìkì kan kalẹ̀. Wọ́n ní lábẹ́ ibùsùn ni àwọn ti rí i, aṣọ dúdú ni wọ́n fi wé e. Nǹkan funfun tó dì kún inú rẹ̀ dé ìlàjì.

Ọlátúnbọ̀sún fi èékánná fá díẹ̀, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó yọ́. Òórùn àgbọn gba yàrá.

Jàlálù kò wo ẹnikẹ́ni, agolo náà nìkan ló ń wò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Ó ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òun ń pe òun nítorí ẹ̀rí tí bàbá òun fẹ́ jẹ́. Wọ́n kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ òun. Bí òun bá kọjá, wọ́n a tutọ́ sílẹ̀. Òun ṣe ìlérí fún wọn pé bàbá kò ní lè wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Òun ra epo lápálápá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í ṣe ọṣẹ ní Ẹ̀rìn, torí òun mọ̀ pé èso igi ọgbà yẹn máa ń mú ènìyàn ṣu. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nígbà tí Mùíbátù lọ pọnmi, òun da òróró rẹ̀ sínú agolo, òun sì rọ epo lápálápá dípò.

"Kí ó kàn ṣu ni," ó wí. "Kí ó ṣu, kí ó dùbúlẹ̀ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò ní gbà á."

"Kí ló dé tí o kò da ti inú agolo nù?"

"Ẹ̀rù." Jàlálù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Nígbà tí mo dà á síbẹ̀, ó mọ́ bí omi. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó ti funfun, tó ti dì bí òkúta. Mo rò pé Ọlọ́run ló fi ohun tí mo ṣe hàn mí. Àfi bí aṣọ òkú. Mo fẹ́ lọ gba ìgò yẹn padà lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ronú pé wọ́n á bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbẹ̀, wọ́n á tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá padà."

"Ọjọ́ wo lò ń wí?"

"Ọjọ́bọ̀."

Ọlátúnbọ̀sún wo agolo, ó wo ọkùnrin náà.

"O rí òróró tó dì, ẹ̀rù bà ọ́," ó wí. "O ní odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ láti dá ẹ̀mí bàbá rẹ sí, ìtìjú mú ọ láti wọ ilé ìdáná. Ẹ mú un lọ."

Awóbọ̀dé jáde lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú àgọ́ fúnra rẹ̀. Wọn kò gbà á gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n rí i tí wọ́n ń mú Jàlálù gun ọkọ̀ Òṣogbo, àwọn kan nínú wọn ju kùmọ̀ sínú igbó. Àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ, tí wọ́n gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀, ló kọ́kọ́ rìn kúrò.

Mùíbátù jáde ní àtìmọ́lé nígbà tí oòrùn ti gòkè. Wọ́n ti sọ fún un. Awóbọ̀dé kò bẹ̀ ẹ́; ó ní kí ó gbé ọkọ̀ ọlọ́pàá títí dé Ìfọ́n, pé ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀. Mùíbátù ní òun kò lọ sí Ìfọ́n.

"Ibo wá lò ń lọ?"

"Ilé ọkọ mi," ó wí. "Opó ni mí, tákàbá oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo ní láti ṣe. Ẹ ti jẹ mí ní ọjọ́ méjì nínú rẹ̀."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fa gèlè rẹ̀ bo orí, ó sì gba àárín ìlú lọ ní ọ̀sán gangan. Ọlátúnbọ̀sún ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nítorí kò mọ ohun tí àwọn ènìyàn lè ṣe. Àwọn tó ń pè é ní apànìyàn láti ọjọ́ Sátidé dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹnì kan fẹ́ kí i, kò rí ẹnu. Mùíbátù kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Rísíkátù wà lórí ẹní rẹ̀ nínú ilé. Ìròyìn ọmọ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Tẹ̀sùbáà ti bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Mùíbátù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i bí ìyàwó ti ń kí ìyáálé. Ó pẹ́ kí ìyá àgbà náà tó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀, kí ó sì fi agbára sún ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí tí ìdajì ẹní náà fi ṣófo.

Mùíbátù wọlé, ó jókòó síbẹ̀.